Igbó Tòmátì Onígbàjámọ̀

Nígbà tí ọwọ́ Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òun nìkan ni kò gbà pé ó ń gbọ̀n. Ó ní orí àwọn oníbàárà ni kò dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí ó fi gé irùngbọ̀n ọ̀gá ilé-ìwé kan lápá ọ̀tún, tí ó gbàgbé apá òsì. Nígbà tí ó sì fẹ́ tún un ṣe, ó fá gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ nínú dígí títí, ó ní òun kò mọ̀ pé òun jọ màmá òun tó báyìí. Ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ Onígbàjámọ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, rọra gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ lọ sinmi," ni ó wí. "Ẹ ti fá tiyín tán. Ó ku tiwa."

Onígbàjámọ̀ lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ìdúró jẹun láti kékeré, ìjókòó a máa ni ín lára. Ó ń rìn kiri inú ilé. Ó ń ṣí ìkòkò wò lórí iná. Ó ń bi ìyàwó rẹ̀ ìdí tó fi ká aṣọ ìnura síbí, tí kò ká a sọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ohùn ilé ìwòsàn kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá wa," ni ó wí lọ́jọ́ kan, "ilẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ gbé ọkọ́, kí ẹ lọ máa bá a fà á. N kò ní í fi ìkòkò mi ṣe ẹlẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀bù."

Bí ó ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀ náà kò tóbi. Ó dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ sísàlẹ̀, títí dé etí adágún ẹja tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ẹ̀yìn fi kọ̀ fún un, ó wá sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́ja. Síbẹ̀, Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Òun àti Onígbàjámọ̀ kò bá ara wọn jà rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan rí. Àna sì ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn, nítorí náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Tòmátì ni Onígbàjámọ̀ gbìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀ mọ́. Tòmátì yọ, ó tín-ín-rín, ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Dẹ́rẹ́bà gun òkè wá láti ibi adágún, ó fọwọ́ lé ọgbà, ó wò ó dáadáa.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé tòmátì lẹ gbìn ni, àbí igi ìṣáná?"

"Ẹ kú àkíyèsí, ẹ̀gbọ́n," ni Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "Ẹja yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti ń lo awò kí ẹ tó rí wọn."

Ọ̀rọ̀ igi ìṣáná náà dun Onígbàjámọ̀ wọnú egungun. Ní ọjọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ lọ, ó ra àpò ajílẹ̀ funfun kan, èyí tó rí wóro wóro bí iyọ̀. Alájílẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń tan oníbàárà jẹ. Ó ní, "Bàbá, ìwọ̀nba ni o. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, ẹ fi yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ sì mú sùúrù kí ẹ tó tún fi sí i." Onígbàjámọ̀ dúpẹ́. Ó gbé ajílẹ̀ náà délé láìdá nǹkan kan sílẹ̀ lọ́nà, àfi ìwọ̀nba.

Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó jáde, ó rí i pé gbogbo ohun tó pọ́n ti tutù yọ̀yọ̀. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tó bá hù ni ó ń gé. Kò tíì sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ mú hù rí, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún un pé ipa tó kó nínú ìyẹn kò tó bí ó ṣe rò. Ó bu ajílẹ̀ mìíràn sí i. Tòmátì náà sì gbà á. Ó tún bu òmíràn. Nígbà tí àpò tán, ó lọ ra òmíràn, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

"Bàbá wa," ni Nọ́ọ̀sì wí láti ojú fèrèsé, "oògùn tí wọ́n ní kí aláìsàn lo ṣíbí kan, ẹ ti ń fi ìgò rọ ọ́ lọ́nà ọ̀fun."

"Tòmátì kì í ṣe aláìsàn."

"Kò tíì ṣe ni."

Kí ẹ wá wo tòmátì. Ó ga kọjá okùn aṣọ. Ó gorí ọgbà, ó dí fèrèsé ilé ìdáná, ó di pé kí Nọ́ọ̀sì máa tan iná lọ́sàn-án gangan kó tó lè rí inú àwo. Ewúrẹ́ ará ilé kejì wọ inú rẹ̀, wọ́n wá a títí, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn èèyàn ń ya wá wò ó. Onígbàjámọ̀ ra fìlà àgbẹ̀ aláwọ̀ kòkó kan, ó gbé àga kan sábẹ́ òjìji igbó náà, ó ń gba àlejò níbẹ̀ bí olóyè.

"Ó dára púpọ̀, Bàbá," ni àwọn àlejò ń wí. "Èso rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń múra."

Òótọ́ ni pé kò sí èso. Ewé ni, ewé, ewé, àti igi tó nípọn bí ọwọ́ ọmọ. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù ti jẹ́ kí igi náà rò pé ayé kò ní í tán, pé kò sí ìdí láti bímọ. Onígbàjámọ̀ kò mọ ìyẹn. Ó ń dúró.

Òjò dé. Ó rọ̀ tagbáratagbára, ó dá, ó tún rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dẹ́rẹ́bà ṣàkíyèsí pé omi adágún rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó ní ẹja òun ti rí ẹ̀fọ́ ọ̀fẹ́ jẹ. Àmọ́ omi náà ń ki sí i lójoojúmọ́. Ó di bí ọbẹ̀, ó di bí ọ̀dà, òórùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ tó ń lé àlejò. Bí Dẹ́rẹ́bà ti ní "bí ọ̀dà" lọ́kàn ni ojú rẹ̀ là. Ó gbójú sókè, ó wo òdìkejì adágún, níbi tí Ọlọ́dà ń gbé.

Kunlékunlé ni Ọlọ́dà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé-ìwé kan fún un, àwọ̀ ewé ni wọ́n sì ní kó fi kun gbogbo ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọlọ́dà a fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ níwájú ilé. Kí ni Dẹ́rẹ́bà tún ń wá? Ó bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó nawọ́ sí i níbi tó wà lórí àkàbà, ó sọ ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà máa sọ nítòsí ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Onígbàjámọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń parí ìjà àdúgbò, torí ẹni tí wọ́n ti so aṣọ mọ́ lọ́rùn, tí abẹ wà létí rẹ̀, kò ní í ṣàìgba ìlàjà. Ó ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun. Abẹ́ igbó tòmátì náà ni wọ́n jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni ó tutù jù.

Dẹ́rẹ́bà na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ti rì í bọ inú omi, ó jáde ní àwọ̀ ewé. "Ẹ wò ó fúnra yín, àna mi. Ṣé omi nìyí?"

Ọlọ́dà ní, "Bàbá, ọ̀dà mi kì í rùn báyìí. Inú garawa ni mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, mo sì—"

"Jẹ́ kí àgbà parí ọ̀rọ̀," ni Onígbàjámọ̀ wí.

"Wọ́n ti parí, sà."

"Ó dáa, èmi náà ti gbọ́ tó." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìwọ lo da nǹkan yìí somi, ìwọ ni yóò bù ú jáde. Gbé garawa rẹ, kí o máa bọ́ síbẹ̀ láràárọ̀ kó o tó lọ síbi iṣẹ́, títí omi yóò fi mọ́. Kí o sì bẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Nọ́ọ̀sì ń sá aṣọ nítòsí. Ó ní, "Agbẹ́jọ́ẹnìkandá," kò parí òwe náà, ó gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀ wọlé.

Ọlọ́dà kò janpata. Ó ń bu omi láràárọ̀. Bí ó ti ń bù ú tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ewé rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, ó kun pákó kan, ó gbé pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kí gbogbo ayé lè rí i pé àwọ̀ méjèèjì kò jọra. Dẹ́rẹ́bà wò ó, ó ní omi ló yí àwọ̀ ọ̀dà náà padà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, igbe Dẹ́rẹ́bà jí àdúgbò. Gbogbo ẹja rẹ̀ ti léfòó sójú omi, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré gun òkè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ omi ìlú wò, sáré jáde pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́. Ó wo omi lẹ́ẹ̀kan.

"Afẹ́fẹ́ ti tán nínú omi," ni ó wí. "Ẹ gbé ohunkóhun tó bá wà, ẹ máa bu omi náà sókè, kí ẹ máa dà á padà láti òkè. Kó lè rí afẹ́fẹ́ gbà."

Bí gbogbo wọn ṣe bọ́ sínú adágún nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà mú bàsíà, Ọlọ́dà mú garawa ìdájọ́ rẹ̀, Onígbàjámọ̀ mú ìkòkò ọbẹ̀ Nọ́ọ̀sì, ìyẹn sì ń kọ́ wọ́n láti etí omi bí ẹni ń gbẹ̀bí aboyún. "Ẹ gbé e. Ẹ dà á. Ẹ mí. Ẹ̀yin ni mo ní kí ẹ mí, Bàbá wa, kì í ṣe ẹja." Onígbàjámọ̀ yọ̀, ó jókòó sínú omi, ó dìde pẹ̀lú ewé omi lórí bí ẹni tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ hù fún, ó ń bu omi lọ. Nígbà tí oòrùn gòkè, ọ̀pọ̀ ẹja ti padà sísàlẹ̀. Àwọn kan kò padà. Dẹ́rẹ́bà ń ṣà wọ́n sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, Onígbàjámọ̀ sì rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò sí èébú tó wá sí i lẹ́nu.

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó padà dé, ó kó gbogbo wọn jọ sétí adágún.

"Kì í ṣe ọ̀dà," ni ó wí. "Náítírójìn ni."

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Dẹ́rẹ́bà bi í, ó ti ń wo òdìkejì adágún pé bóyá àlejò kan ti kó wá síbẹ̀.

Ọmọ náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní inú afẹ́fẹ́ ni náítírójìn wà, òun ló tiẹ̀ pọ̀ jù nínú èyí tí gbogbo wa ń mí. Kò sí ewéko tó lè hù láìsí i, ṣùgbọ́n ewéko kò lè mú un látinú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ilẹ̀ àti lára gbòǹgbò irúgbìn bí ẹ̀wà ló ń bá wọn mú un wọlẹ̀, díẹ̀ díẹ̀. Ewéko á jẹ ẹ́, ẹranko á jẹ ewéko, ìgbẹ́ àti òkú wọn á padà sílẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn á sì tú u sílẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yípo láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí èèyàn wá kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ fà á látinú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń dì í sínú àpò, ni oúnjẹ pọ̀ sí i láyé. Ṣùgbọ́n èyí tí irúgbìn kò bá jẹ tán kì í jókòó sójú kan. Omi òjò á gbé e lọ. Bí ó bá dé inú adágún, ewé omi wẹ́wẹ́ á jẹ ẹ́, wọ́n á pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á bo omi. Bí wọ́n bá kú, jíjẹrà wọn á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja kò sì ní í rí ohun mí.

"Inú àpò," ni Ọlọ́dà wí jẹ́jẹ́. "Àpò wo?"

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà ti ń wo koríko. Láti etí adágún, ìlà koríko kan gun òkè lọ. Ó dú, ó sì ga ju gbogbo koríko tó kù lọ, ó tọ́ tààrà bí ìlà tí wọ́n fi abẹ là sí ẹni lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́. Baba rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọlọ́dà tẹ̀lé baba rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tó ti mọ ibi tó ń lọ, rọra ń bọ̀ lẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ ni kò fẹ́ gòkè. Ó ní orúnkún ń dun òun, àmọ́ ó tẹ̀lé wọn.

Ìlà koríko náà kò yà sílé ẹnikẹ́ni. Ó gba abẹ́ ọgbà kọjá, ó parí sí ìdí igbó tòmátì.

 Dẹ́rẹ́bà wo igbó, ó wo àga ìdájọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó wo àwọn àpò òfìfo tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Àna mi," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Igbó yín yìí dára púpọ̀. Ẹja mi ló bọ́ ọ ni, àbí òun ló pa ẹja mi?"

 Nígbà tí wọ́n tú ká, Onígbàjámọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn ilé, kì í ṣe sórí àga, orí ilẹ̀ lásán ni. Ẹja tó kú kò dùn ún tó ojú Ọlọ́dà. Ọkùnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sọ pé "mo sọ fún yín." Ó kàn wò ó bí oníbàárà ṣe ń wo ẹni tó gé e létí. Ní ìrọ̀lẹ́, Onígbàjámọ̀ ṣí fìlà, ó gba ilé Ọlọ́dà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọlọ́dà ta gìrì. "Bàbá, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ bí irú mi. Ẹ má jẹ́ kí ayé bú mi."

"N kò dìde. Mo dá ẹ lẹ́jọ́ tí n kò gbọ́. Sọ ohun tó o fẹ́ kí n ṣe."

Ọlọ́dà rò ó. "Bàbá, èmi kì í ṣe onídàájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti dá ẹjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó sì dára bí ẹ ṣe dá a. N kò ní í yí i padà." Ó wọlé, ó gbé garawa rẹ̀ jáde, ó fi lé e lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ kejì, Onígbàjámọ̀ ló ń bu ewé omi láràárọ̀. Ọmọ Dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n má dà á nù, kí wọ́n gbé e gòkè padà, kí wọ́n dà á sílẹ̀ ọgbà kó jẹrà síbẹ̀, torí náítírójìn tí wọ́n fi owó rà ló wà nínú rẹ̀. Gígun òkè pẹ̀lú ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dà sílẹ̀ kọ́ Onígbàjámọ̀ ní ọgbọ́n tí Alájílẹ̀ fi ẹnu kọ́ ọ tì. Wọ́n gé igbó tòmátì lulẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, èso kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ó kéré, ó le, ewúrẹ́ ará ilé kejì ti gé e jẹ lápá kan. Onígbàjámọ̀ gbin ẹ̀wà síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti pàdé adágún, ó gbin koríko gíga tó nípọn, kó lè máa mu ohun tó bá fẹ́ ṣàn kọjá.

"Èyí tó ti wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ ńkọ́?" ni ó bi ọmọ náà.

"Ìyẹn ti lọ, Bàbá. Ó lè pẹ́ kó tó jáde níbì kan, kò sì sí ẹni tó lè pè é padà." Nígbà tó rí i pé ojú àgbàlagbà náà rẹ̀wẹ̀sì, ó fi kún un pé, "Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Gbogbo odò tí a ń yẹ̀ wò la ti ń rí i. Oko ńlá ńlá wà níbẹ̀, ìdọ̀tí ilé wà níbẹ̀. Èéfín ọkọ̀ náà ń fi tirẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, òjò á sì gbé e wálẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ń dà fún ẹja ní àdàjù náà wà níbẹ̀."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí àna rẹ̀, tó ti ń wo ọ̀nà ilé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yín wí? Ọdún mélòó lẹ fi wa ọkọ̀ akẹ́rù yẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn, àna mi. Ẹnìkan ṣoṣo là ń dá lẹ́jọ́ lónìí."

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú pìwà dà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ó ń wàásù fún àwọn tó wà lórí ìlà ní báńkì, fún ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó wá gbé àga lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Alájílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, ó ń bi í bí ilẹ̀ rẹ̀ ti tóbi tó, bóyá odò wà nítòsí, bóyá òjò ti ṣú. Àwọn kan padà sílé láìra nǹkan kan. Alájílẹ̀ wá bá Nọ́ọ̀sì nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Ajílẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ìwọ̀nba ni mo ní kí wọ́n lò, n kò ní kí wọ́n má lò ó."

"Ó ti gbọ́ ìwọ̀nba," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó kàn ń lò ó láìníwọ̀nba ni."

Lẹ́yìn tí ẹ̀wà ti kógbá wọlé, Onígbàjámọ̀ tún gbin tòmátì sórí ilẹ̀ náà, ó fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí i, ó fi ṣíbí tí Nọ́ọ̀sì yọ̀ǹda fún un wọ̀n ọ́n. Kò ga. Kò dí fèrèsé kankan. Nígbà tó so, ó so pupa, ó sì pọ̀ tó láti kún agbọ̀n. Onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ gbé ti Ọlọ́dà lọ. Ọlọ́dà mú ọ̀kan, ó nù ún mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, omi rẹ̀ ń ṣàn sí i lọ́rùn ọwọ́. Ó sì mú ìkejì.

Onígbàjámọ̀ kọjá sọ́dọ̀ Dẹ́rẹ́bà. Omi adágún ti ń mọ́ díẹ̀ díẹ̀, kò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n èèyàn ti lè rí ẹja tó bá yí padà nísàlẹ̀. Dẹ́rẹ́bà yẹ agbọ̀n náà wò, ó gbé tòmátì kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n kéré díẹ̀, àbí ojú mi ni?"

"Ojú yín ni, ẹ̀gbọ́n."

Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí pákó tó ń jókòó sí, kí àna rẹ̀ lè ráyè. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń jẹ tòmátì, wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò yẹn tóbi tó bàtà.